Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní "à ń gbọ́ ohùn yín": ṣé kí oníṣẹ́ fọ́tò ní Àkúrẹ́ ra sọ́fítíwíà náà ni, àbí kó dúró?

Ìbéèrè:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣẹ́ fọ́tò ni mí, ní Arákalẹ̀, Àkúrẹ́ níbí. Sọ́fítíwíà tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rà á, n kò san owó oṣooṣù. Láìpẹ́ yìí, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan bi ọ̀gá wọn bóyá wọ́n á ṣì máa ta èyí tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan, tàbí olówó oṣooṣù nìkan ló máa kù. Ó ní àwọn ń gbọ́ ohùn oníbàárà, ó wu àwọn kí kálukú rí èyí tó bá a lára mu, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí àwọn fẹ́ kéde ní lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Mo ti tọ́jú owó láti ra ẹ̀dà tuntun sórí kọ̀ǹpútà méjì kí àsìkò ìgbéyàwó oṣù Kejìlá tó wọlé. Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n dúró? Kí ló sì dé tí wọn kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ìdáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó jáde lápò. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń jẹ yín lọ́kàn jù bẹ̀rẹ̀. Bí ohun tó wà nínú ẹ̀dà tí wọ́n ń tà lónìí bá tó yín í ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹ kò sì ní yáwó rà á, ẹ rà á. Ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn. Nínú ìṣirò yín, ẹ kàn ka ìdáhùn rẹ̀ sí "rárá": ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ rà yìí ni ìkẹyìn irú rẹ̀. Bí òmíràn bá jáde lẹ́yìn rẹ̀, èrè ni. Bí kò bá jáde, ẹ kò pàdánù ohunkóhun tí ẹ ti fi sínú ìṣirò.

Ẹ má rò pé mo ń pe ọkùnrin náà ní òpùrọ́. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti onílé-ìtẹ̀wé nílùú yìí yan sọ́fítíwíà, mo sì ti gbọ́ irú ìdáhùn yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe irọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dì lẹ́nu ni. Ohun tó ń dì wọ́n lẹ́nu náà sì pọ̀ ju ohun tí àwa tí a jókòó síwájú ẹ̀rọ máa ń rò lọ.

Àkọ́kọ́ ni òfin. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńláńlá ló ń ta ìpín ìdókòwò wọn ní ọjà Amẹ́ríkà. Láti 1995 ni òfin kan ti wà níbẹ̀, Private Securities Litigation Reform Act, tó ń dáàbò bo ilé-iṣẹ́ tó bá sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú, bí ó bá kìlọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà pé nǹkan lè yí padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ìkìlọ̀ gígùn tí wọ́n ń kà níbẹ̀rẹ̀ ìpàdé wọn pẹ̀lú àwọn onípìn-ín. Bí ọ̀gá bá ṣèlérí gbangba láìsí ìkìlọ̀, tí ẹnì kan tìtorí ìlérí náà ra ìpín, tí ìlérí náà kò sì ṣẹ, ẹjọ́ lè tibẹ̀ wá. Nítorí náà, kí ọ̀gá yẹn tó jókòó síwájú kámẹ́rà, àwọn agbẹjọ́rò ti bá a tún ọ̀rọ̀ náà tò.

Èkejì ni ìṣirò owó, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Lábẹ́ ìlànà ìṣirò owó wọn, bí ilé-iṣẹ́ bá ta ọjà fún yín lónìí, tó sì ṣèlérí pé òun yóò fi ohun kan pàtó kún un lọ́dún tó ń bọ̀ láìgba owó mìíràn, wọ́n lè ní kó má tíì ka gbogbo owó yín sí èrè ọdún yìí. Apá kan nínú rẹ̀ ní láti dúró títí wọn yóò fi mú ìlérí náà ṣẹ. Ní 2007, Apple fẹ́ ṣí Wi-Fi tó yára jù sílẹ̀ lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti tà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà nínú wọn láti ilẹ̀. Wọn kò fún àwọn tó ti ra kọ̀ǹpútà náà lọ́fẹ̀ẹ́. Dọ́là 1.99 ni wọ́n gbà, wọ́n sì ní ìlànà ìṣirò owó ló fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa: bí ohun kékeré tí wọ́n fi kún ọjà tí wọ́n ti tà bá lè di ọ̀ràn lọ́dọ̀ akáùntáǹtì, ta ni ọ̀gá tí yóò dìde láàárín ìpàdé láti ṣèlérí odindi ẹ̀dà tuntun?

Ti ọjà títà fúnra rẹ̀ kò ṣòroó lóye. Ẹ lọ bá ẹni tó ń ra kòkó ní Oǹdó, kí ẹ bi í ní èló ni yóò rà á ní àsìkò tó ń bọ̀. Yóò ní òun kò ní já yín kulẹ̀, kò ní dárúkọ owó, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ owó tó ga, ẹ ó kó ti ọwọ́ yín pa mọ́ dè é. Àwọn oníkọ̀ǹpútà náà ti jìyà irú rẹ̀. Ní 1983, Adam Osborne, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ta kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbé kiri, sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tuntun tó ń bọ̀ kí ó tó jáde. Àwọn tó ń bá a tajà dáwọ́ ríra ti àtijọ́ dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ilé-iṣẹ́ náà ti wó. Àwọn kan ń jiyàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló pa á, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀gá mú níbẹ̀ ni pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́.

Ó tún wà nígbà mìíràn pé ẹni tí a bi léèrè gan-an kò mọ̀. Ní oṣù Keje 2022, àhesọ gbilẹ̀ pé Google fẹ́ ti Stadia pa, ìyẹn ètò eré orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹni tó ń bójú tó ojú-ìwé Stadia lórí Twitter dáhùn pé wọn kò tì í pa. Kò dọ́gbọ́n sí i, ó sọ ọ́ kedere. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n kéde pé ó ti parí, wọ́n sì tì í ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 2023. Wọ́n dá owó eré àti ti ẹ̀rọ padà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìdáhùn tó dájú pàápàá kò lò ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n yé fi gbogbo òru túmọ̀ ohun tí ọ̀gá sọ. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe àti ohun tó kọ sílẹ̀ tó fi ọjọ́ sí ni kí ẹ wò.

Iṣẹ́ yín gan-an ní àpẹẹrẹ tó yè kooro. Ní oṣù Karùn-ún 2013, Adobe, ilé-iṣẹ́ tó ni Photoshop, kéde pé Creative Suite, àkójọ sọ́fítíwíà wọn tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan, ti dópin, ẹ̀dà CS6 ti 2012 ni ìkẹyìn, owó oṣooṣù ló kù. Àyà àwọn oníṣẹ́ fọ́tò já. Wọ́n béèrè pé Lightroom, sọ́fítíwíà Adobe tí a fi ń to fọ́tò tí a sì fi ń tún un ṣe, ńkọ́? Tom Hogarty, tó ń bójú tó Lightroom nígbà náà, fèsì pé àwọn yóò ṣì máa ta ẹ̀dà rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà ti àtijọ́, kò sì dá ìgbà kankan tí yóò dópin. Ìdáhùn rẹ̀ dára ju èyí tí wọ́n fún yín lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Lóòótọ́, Lightroom 6 jáde ní 2015, a sì lè rà á lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá 2017, Adobe kéde pé òun ni ìkẹyìn. Àtúnṣe tó parí rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Ṣé Hogarty parọ́ ni? N kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó mọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ọjọ́ ni, ohun tí kò bá sì ní ọjọ́, ẹnikẹ́ni kò lè fi dá onítọ̀hún mú.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi yìí, nítorí àmì ti hàn tipẹ́ kí 2017 tó dé. Ní oṣù Kẹfà 2015, kò ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí Lightroom 6 jáde, Adobe gbé irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Dehaze jáde. Ẹ̀yin mọ iṣẹ́ rẹ̀: òun ni í gbọn ìkùukùu kúrò lójú fọ́tò, bíi ti ọyẹ́ tó ń bo Òkè Ìdánrè mọ́ wa lójú. Àwọn tó ń san owó oṣooṣù ni wọ́n fún. Àwọn tó ra Lightroom 6 lówó wọn kò rí i gbà. Sọ́fítíwíà kan náà ni o, ilé-iṣẹ́ kan náà. Lẹ́yìn náà, ojú ibi tí ènìyàn ti lè ra Lightroom 6 lẹ́ẹ̀kan lórí ìkànnì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòroó rí. Ẹni tó bá wo nǹkan méjì yìí kò nílò láti bi ọ̀gá kankan léèrè. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Àwọn tó ń lo FreeHand, sọ́fítíwíà tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, náà rí tiwọn. Adobe ra ilé-iṣẹ́ Macromedia ní òpin 2005, FreeHand sì wà lára ẹrù tó bá a wá. Ní 2006 wọ́n ní àwọn yóò máa tì í lẹ́yìn, àwọn yóò sì máa ṣe é bí oníbàárà bá ṣe fẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2007 wọ́n ní kò sí ẹ̀dà tuntun mọ́, kí wọ́n kó lọ sí Illustrator, sọ́fítíwíà ìyàwòrán ti Adobe fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà ìkẹyìn FreeHand ti jáde láti 2003, Adobe sì ti ní Illustrator nílé. Kí ni ẹnu tún fẹ́ sọ tí ìyẹn kò tíì sọ?

Nísinsìnyí, ẹ wo òdìkejì rẹ̀, níbi tí ìwé ti sọ òtítọ́ ju ẹnu lọ. Ní 2015, òṣìṣẹ́ Microsoft kan, Jerry Nixon, sọ níbi ìpàdé wọn pé Windows 10 ni Windows ìkẹyìn. Ìròyìn náà tàn káyé. Títí di 2021 ni mo ń rí àwọn tó gbà pé àwọn kò tún ní ra Windows mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n nínú ètò ọjọ́ ìtìlẹ́yìn tí Microsoft kọ síta fún Windows 10, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ló wà níbẹ̀ pé àtúnṣe ààbò rẹ̀ yóò dópin. Windows 11 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2021. Nígbà tí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 pé, ó pé. Ẹni tó tẹ̀ lé ìwé ní ọdún gbọọrọ láti tọ́jú owó kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹni tó tẹ̀ lé ẹnu, ìgbà tí iná ti ń jó orí òrùlé ló ń wá omi.

Nítorí náà, ṣáájú kí ẹ tó sanwó, ẹ jókòó fún ìrọ̀lẹ́ kan kí ẹ wo ilé-iṣẹ́ tiyín. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn: ṣé ohun tí olówó oṣooṣù ń rí gbà ni ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀kan náà ń rí, ní ọjọ́ kan náà? Ẹ lọ sí ibi ìtajà wọn: ṣé ẹ rí ibi tí ẹ ti lè rà á lẹ́ẹ̀kan lójú kan, àbí ẹ ní láti tẹ ibí tẹ ọ̀hún? Ẹ wo iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ láti bọ́ sí ẹ̀dà tuntun. Bí wọ́n bá ti yọ ẹ̀dínwó yẹn kúrò, ọ̀nà oṣooṣù ni wọ́n ń darí yín sí, ohun yòówù tí ọ̀gá sọ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lòdì sí yín, ẹ ṣì lè rà á fún iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tí mo sọ, ṣùgbọ́n ẹ má rà á sórí kọ̀ǹpútà méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń ran oníbàárà lọ́wọ́, ẹ má bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí ẹ ń rà lónìí ni kí ẹ bi wọ́n. Títí di ọjọ́ wo ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ yóò fi máa wọlé sórí ẹ̀dà yìí? Kámẹ́rà tuntun tó bá jáde lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ṣé yóò ka fáìlì RAW rẹ̀, ìyẹn fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe yà á gan-an tí a kò tíì tún un ṣe? Bí kọ̀ǹpútà mi bá kú lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ṣé màá lè gbé e sórí òmíràn láìtún un rà? Àwọn ìbéèrè yìí kì í dẹ́rù ba agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ lásán lè dáhùn wọn. Ẹ sì tọ́jú èsì náà, nítorí ìwé lẹ fi lè bá ẹni tó tajà fún yín sọ̀rọ̀ lọ́la.

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì fún wa ní Àkúrẹ́ ju bó ṣe rí fún ẹni tó wà níbi tí iná kì í ti í lọ. Iná tó bá lọ tó sì fi agbára dé lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́ lójijì, ẹ ó sì nílò láti tún sọ́fítíwíà náà gbé sórí òmíràn. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú sọ́fítíwíà tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan ló ní láti kàn sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kí ó tó ṣí. Ní òpin 2012, Adobe pa kọ̀ǹpútà tó ń ṣí CS2, ẹ̀dà Creative Suite àtijọ́ kan. Wọ́n gbé ẹ̀dà tí kò nílò ìṣísílẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn tó ti rà á, ó sì yẹ kí a dúpẹ́. Kò sí òfin pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan lè di ohun tí ẹ kò lè ṣí.

Ti owó oṣooṣù náà, n kò ní kí ẹ sá fún un bí àjàkálẹ̀. Àwọn kan wà ní ẹ̀bá yunifásítì FUTA tó jẹ́ pé òun ló yẹ wọ́n, nítorí owó díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé fún wọn. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé e. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní ìwọ̀n ìjọba. Nígbà tó di 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ohun tó jẹ́ dọ́là mẹ́wàá lóṣù kúrò ní nǹkan bíi ₦4,600, ó di ₦14,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì tún dín iye tí káàdì náírà lè san lókè òkun kù gidigidi, àwọn kan sì dá a dúró pátápátá. Ẹ ro ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí káàdì bá kọ̀ ní Sátidé oṣù Kejìlá tí ẹ ní ìgbéyàwó mẹ́ta níwájú. Ti Lightroom Classic, ẹ̀dà Lightroom tó jẹ́ olówó oṣooṣù, bí owó bá tán, ẹ ṣì lè ṣí i, ẹ lè wo fọ́tò kí ẹ sì kó wọn jáde, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń tún wọn ṣe yóò tì. Ẹ béèrè bí tiyín ṣe máa ń ṣe.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ni iṣẹ́ ọdún pípẹ́ tí ènìyàn ti ṣe. Ọmọ tí ẹ ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ rẹ̀ lè padà wá lẹ́yìn ogún ọdún kí ẹ fi ṣe àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo àtúnṣe tí ẹ ti ṣe sí fọ́tò àtijọ́ wà nínú katalọ́ọ̀gì sọ́fítíwíà kan ṣoṣo, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó fi ń pa àtúnṣe yín mọ́. Bí sọ́fítíwíà yín bá lè kọ àtúnṣe sínú fáìlì kékeré tí wọ́n ń pè ní XMP lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, ẹ ṣí ètò náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sọ́fítíwíà mìíràn kò ní ka gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Nítorí náà, fọ́tò tí ẹ bá ti parí tí oníbàárà sì ti gbà, ẹ kó o jáde ní TIFF tàbí JPEG tó kún. Bí ẹ bá sì ra kámẹ́rà tuntun tí sọ́fítíwíà àtijọ́ kò mọ̀, Adobe DNG Converter wà lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sọ fáìlì RAW náà di DNG, irú fáìlì tí sọ́fítíwíà àtijọ́ lè kà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣì ń lo Lightroom 6 ló ń gbà á bẹ́ẹ̀ títí di òní. Darktable àti RawTherapee, sọ́fítíwíà mìíràn tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú wọn kò tètè mọ́ni lára, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe gan-an nìyí. Ẹ gba èyí tí wọ́n ń fún ènìyàn dán wò, kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ ìgbéyàwó kan délẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó parí, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò gan-an, pẹ̀lú fáìlì kámẹ́rà yín. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ra ẹyọ kan. Ẹ kó fáìlì tí a fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ àti nọ́ńbà láísẹ́ǹsì rẹ̀ sí ibi tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ sì tẹ nọ́ńbà náà sórí pépà. Owó tó yẹ kí ẹ fi ra ti kọ̀ǹpútà kejì, ẹ fi ra háàdì díìsìkì méjì, kí ọ̀kan máa gbé ní ṣọ́ọ̀bù, kí èkejì máa gbé nílé.